Báwo ni ọṣẹ ìfọṣọ yìí ṣe le tó fún ẹja? Bí ẹ ó ṣe dán an wò pẹ̀lú ọmọ àrọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ẹja inú omi lásán ló kọ́kọ́ kú. Ọmọ àrọ̀ 10 ni mo kó sínú báfù kan tí n kò fi ọṣẹ kankan sí, kí n lè máa fi wọ́n wé àwọn tó wà nínú omi ọṣẹ. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, 6 nínú wọn ti ṣíkùn sókè. Àwọn tó wà nínú omi ọṣẹ tó fúyẹ́ jù ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ní tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ lè gbé e jáde pé ọṣẹ ń mú ẹ̀mí ẹja gùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi tí mo ti tọ́jú sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tán kó tó kan báfù yẹn, ni mo bá ja omi ẹ̀rọ sí i tààrà, pẹ̀lú kilórínì inú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé báfù tí kò ní ọṣẹ nínú ni ọ̀gá gbogbo báfù. Bí ẹja inú rẹ̀ bá kú, kò sí ohun tí ẹ lè sọ nípa ọṣẹ. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí i pé ohun tí mo ní í sọ nípa omi nísàlẹ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí mo ní í sọ nípa ọṣẹ lọ.

Àwọn tí mo ń kọ ọ́ fún ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣejáde, ẹni tó ń sin ẹja tí ibi ìfọkọ̀ wà lókè odò rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó ti dúró létí odò rí, tó rí ìfóòfó funfun tó ń ṣàn lọ, tó sì bi ara rẹ̀ pé kí ni ìyẹn ń ṣe fún ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ohun tó ń pa ẹja nínú ọṣẹ

Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a ń rà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Sódà wà níbẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n fi ń mú kó pọ̀ wà níbẹ̀, òórùn dídùn àti àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Èyí tó ń hó, tó ń já ọ̀rá kúrò lára aṣọ, ni ọ̀tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ, èyí tí wọ́n ń lò ni wọ́n ń pè ní LAS. Ó ní orí tó fẹ́ràn omi àti ìrù tó fẹ́ràn ọ̀rá. Bó ṣe ń wọ inú ọ̀rá ara aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pupa tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, nítorí ọ̀rá wà nínú awọ yẹn. Awọ náà á bàjẹ́, ikun á bò ó, atẹ́gùn inú omi kò ní ríbi wọlé mọ́. Ẹja á wà nínú omi, èémí á sì máa wọ́n ọn.

LAS nìkan, láìsí ìyókù ọṣẹ, mílígíráàmù 1 sí 10 nínú lítà omi kan ti tó láti pa ìdajì ẹja láàárín ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò tí wọ́n ti ṣe. Bí ìrù rẹ̀ bá ṣe gùn tó ló ṣe ń le tó.

Kí LAS tó dé, èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ìrù tó yẹ̀ka. Kòkòrò àìfojúrí inú omi kò rí i jẹ dáadáa, ìfóòfó wá bo odò wọn bí òwú. Jámánì ṣòfin lé e lórí ní 1961, òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, Amẹ́ríkà náà sì pààrọ̀ tiwọn ní nǹkan bí 1965. LAS tí ìrù rẹ̀ tọ́ tààrà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan bí omi bá ní atẹ́gùn. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí á padà wá dà wá láàmú nínú báfù.

Ẹja wo, mélòó, àti lọ́wọ́ ta ni

Àrọ̀ ni mo ń lò. Kò wọ́n, àwọn tó ń ta ọmọ ẹja wà káàkiri, ó sì ń fara da ìgbé-kiri. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: àrọ̀ lágídí. Yàtọ̀ sí èyí tí ẹja yòókù fi ń mí, ó ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Òun ló fà á tí ẹ fi ń rí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́jà tó ṣì ń janra mọ́lẹ̀. Nítorí náà, èsì tí ẹ bá rí lára àrọ̀ ń gbè sẹ́yìn ọṣẹ díẹ̀. Ìwọ̀n tó bá ti pa àrọ̀, ẹ má retí pé ẹpìyà á yè é.

Wọ́n ti bi mí léèrè pé ṣé kò ṣeé fi tanwíjí ṣe, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Tanwíjí á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oró nìkan ló ń pa á. Ojú omi ló máa ń rọ̀ mọ́ láti mí, ọṣẹ sì máa ń sọ ojú omi di ẹlẹgẹ́ débi pé kò ní í lè gbé e dúró mọ́. Á rì ni. Ẹ ò ní lè ya èyí tó rì sọ́tọ̀ lára èyí tí oró pa. Ìṣáwùrú ní tirẹ̀ á pa ìlẹ̀kùn dé, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó ń sùn.

Bí iṣẹ́ ilé-ìwé gíga bá ni, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí lílo ẹranko fún ìwádìí kí ẹ tó ra ẹja kankan. Bí ọmọ ilé-ìwé girama bá ni, ẹ fi ẹja sílẹ̀, ẹ lo àlùbọ́sà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ẹja 60 ni ẹ ó lò fún ìdánwò gan-an, 15 fún ìdánwò kékeré tó ṣáájú, àti mẹ́rin kan tí ẹ ó fi tọ́ omi wò. Ẹ ra 100, nítorí èyí tí ẹ máa sọ nù kò ní í ṣàìsí. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju gíráàmù 1 lọ, kí gbogbo wọn sì rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kà ló bàjẹ́ níbí: wọ́n á kó ọmọ ẹja 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀wọ̀n gíráàmù 5 sínú lítà omi 10. Gíráàmù ẹja 0.8 sí lítà omi 1 ni ìlànà OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣètò bí a ṣe ń dán kẹ́míkà wò, fọwọ́ sí mọ nínú omi tí kò ṣàn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja fúnra wọn ti di májèlé kejì nínú báfù, ẹ ó sì máa ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí ọṣẹ lọ́rùn.

Omi

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Báfù 12, lítà 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di lítà 120. Ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó di 480. Táǹkì lítà 500 tí ọ̀pọ̀ ń gbára lé kò ní í tó bí ẹ bá ka omi ìdánwò kékeré àti ti ìsinmi ẹja mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti já. Ẹ wá táǹkì kejì, kí ẹ sì pọn gbogbo rẹ̀ láti ojú omi kan náà. Omi báfù kìíní àti ti báfù ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá.

Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ ṣí ẹnu táǹkì sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa rò ó pọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kí kilórínì lè lọ. Bó bá jẹ́ omi bóhólù, ẹ máa fi garawa bù ú sókè kí ẹ sì dà á padà láti òkè, nítorí omi tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kì í sábà ní atẹ́gùn nínú. Bí ó bá ń pupa bí ìpẹtà, ẹ wá omi mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹja 4 sínú omi yẹn ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko, láìsí ọṣẹ, láìsí oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn ooru omi náà àti pH rẹ̀ (ìyẹn bó ṣe kan tó), kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́: ẹ má fi ọṣẹ fọ báfù. Kànìnkànìn àti omi gbígbóná ti tó, kí ẹ sì ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ọṣẹ tó ṣẹ́kù lára ike lè má hó, kí ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi

Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀rá ike àti búùtù ọkọ̀ bọ́ ti wà ní ìdajì ọ̀nà ọ̀run tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbé inú omi yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa bọ́ ọ, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Bí èyí tó kú láàárín ọjọ́ 7 ìkẹyìn bá ju 10 lọ nínú 100, ẹ wá ẹja míì.

Láàárín àkókò yìí, ẹ máa yọ àwọn tí àwọn olùsìn ẹja ń pè ní "shooter" kúrò, ìyẹn àwọn tó ti dàgbà kọjá ẹgbẹ́ wọn. Àrọ̀ máa ń jẹ ara wọn. Mo ti ka ẹja 4 nínú báfù tí mo kó 5 sí lálẹ́ àná, tí mo wá òkú karùn-ún títí tí n kò rí i, kí n tó rí i pé ikùn ọ̀kan nínú wọn ti yọ bọ̀ǹbọ̀. Àrọ̀ sì máa ń fò jáde pẹ̀lú, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu báfù.

Wákàtí 24 kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ ò ní bọ́ wọn mọ́ títí ìdánwò á fi parí, nítorí oúnjẹ inú omi máa ń gba LAS mọ́ra, ọṣẹ tí ẹ rò pé ẹ fi sómi kò ní dé ara ẹja.

Omi ìpìlẹ̀

Ẹ má máa wọn ọṣẹ gbígbẹ sínú báfù kọ̀ọ̀kan. Ẹ po omi ọṣẹ kan tó ki, kí ẹ máa bù lára rẹ̀. Òun ni mo ń pè ní omi ìpìlẹ̀.

Gíráàmù ọṣẹ 10 nínú lítà omi 1. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń fo láti gíráàmù kan sí èkejì kò dáa tó fún èyí, ẹ yá ti àwọn tó ń ṣe wúrà. Ẹ da gbogbo ọṣẹ inú ọ̀rá náà sínú abọ́ gbígbẹ, kí ẹ pò ó pọ̀ kí ẹ tó bù ú, nítorí èyí tó wúwo máa ń rọ̀ sí ìdí ọ̀rá, àwọn wóró aláwọ̀ búlúù á sì kóra jọ síbì kan. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi yọ́ ọ. Ẹ fi igi rò ó jẹ́jẹ́, ẹ má mì í. Bó bá hó, èròjà tí ẹ ń wá gan-an ló gòkè lọ sínú ìhó yẹn. Ohun tí ẹ ó wá máa bù nísàlẹ̀ á fúyẹ́ ju bí ẹ ṣe kọ ọ́ lọ. Bó bá ti hó ná, ẹ gbé e sílẹ̀ títí tí ìhó á fi wálẹ̀.

Ìdí tí mo fi yan gíráàmù 10 ni pé ó mú ìṣirò rọrùn bí ẹni jẹ̀kọ. Mílílítà kan nínú rẹ̀ ní mílígíráàmù ọṣẹ 10. Nínú báfù lítà 10, iye mílílítà tí ẹ bá bù sí i náà ni iye mílígíráàmù tí lítà kọ̀ọ̀kan á ní. Ẹ bu mílílítà 40, ẹ ti ní mílígíráàmù 40 nínú lítà. Kò sí pé à ń wá kọ̀ǹpútà kiri.

Ẹ po òmíràn láràárọ̀. Ẹ ò gbàgbé gbólóhùn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: kòkòrò ń jẹ LAS. Omi ìpìlẹ̀ àná ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, bẹ́ẹ̀ náà ni omi inú báfù. Ẹni tí kò pààrọ̀ omi títí wákàtí 96 fi pé, ọjọ́ kìíní nìkan ni ẹja rẹ̀ rí ọṣẹ tó kọ sínú ìwé.

Ìdánwò kékeré

Kí ẹ tó mọ ìwọ̀n tí ẹ ó lò, ẹ kọ́kọ́ fi ẹja díẹ̀ tọ́ ọ wò. Báfù 5, lítà omi 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹja 3 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ omi lásán. Àwọn yòókù jẹ́ mílígíráàmù 1, 10, 100 àti 1,000 nínú lítà. Nínú omi ìpìlẹ̀, ìyẹn jẹ́ ìdajì mílílítà (síríńjì ni kí ẹ fi fà á), mílílítà 5, 50 àti 500. Ẹ kọ́kọ́ bu iye omi tí ẹ fẹ́ fi omi ìpìlẹ̀ rọ́pò kúrò, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ lítà 5 náà.

Wákàtí 24 ti tó. Inú báfù 1,000 kò ní í pẹ́ rárá. Ẹ má dúró wò ó bí eré: gbàrà tí wọ́n bá ti ṣubú, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ti yé yín. Bí gbogbo ti 100 bá kú, tí ti 10 sì yè, ẹ ti mọ̀ pé àárín méjèèjì ni ìdáhùn wà.

Ìdánwò gan-an

Ẹ yan ìwọ̀n márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Fún ọṣẹ tó ṣe bí mo ṣe wí lókè, 10, 20, 40, 80 àti 160 dára. Báfù méjì fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, méjì fún omi lásán, ẹja 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báfù tó fẹ̀ tí kò jìn ló dáa, nítorí ojú omi tó fẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi kò wúlò níbí, á kàn máa mú ọṣẹ hó jáde ni.

Ẹ fi nọ́ńbà sí báfù, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké lórí bí ẹ ó ṣe tò wọ́n. Kí gbogbo ti 160 má wà lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, kí omi lásán wá wà nínú òjìji. Kí ẹni tó ń ka òkú má mọ ìwọ̀n tó wà nínú báfù tó ń kà, bí ẹ bá rí ẹni tó lè bá yín ṣe é. Ojú tó ti mọ̀ máa ń rí òkú níbi tí ẹja ti ń sùn.

Ẹ bu ọṣẹ sí i kí ẹ tó kó ẹja sí i. Láti omi lásán lọ sí èyí tó fúyẹ́, títí dé èyí tó le jù, ni kí ẹ máa kó wọn lọ, kí nẹ́ẹ̀tì má baà gbé ọṣẹ láti ibi tó le lọ síbi tí kò sí.

Ẹ wò wọ́n ní wákàtí 2, lẹ́yìn náà ní 24, 48, 72 àti 96. Kì í ṣe òkú nìkan ni kí ẹ kọ. Nínú 80, ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé wọ́n á kọ́kọ́ máa sáré yí etí báfù po bí ẹni tó ń wá ìlẹ̀kùn. Wọ́n á máa gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì, ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ní kíákíá kíákíá. Ìgbà tó bá yá, wọ́n á dúró lóròó, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, irùngbọ̀n wọn á rọ̀ wálẹ̀ bí okùn tó tutù. Ẹ ó rí ikun funfun tín-ín-rín tó ń wọ́ tẹ̀lé wọn nínú omi. Ẹja tó dúró báyìí kò tíì kú, ẹ má kà á mọ́ òkú. Òkú ni èyí tí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kò mì mọ́, tí ẹ fi igi kan ìdí ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì mira. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bá sì ń jìyà débi pé kò lè dìde mọ́, ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fòpin sí ìyà rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ ṣe fọwọ́ sí i.

Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kú nínú 10 tó wà nínú omi lásán, ìdánwò yín ṣì dúró. Bó bá di méjì, ó ti bàjẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, pàápàá bí ọjọ́ tí ẹ ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ tún un ṣe.

Ìṣirò

Iye tí à ń wá ni LC50, ìwọ̀n ọṣẹ tó ń pa ìdajì ẹja láàárín wákàtí 96. Kí á ní èsì yín rí báyìí: nínú 10, èyí tó kú jẹ́ 0, 2, 5, 9 àti 10, láti ìwọ̀n tó kéré jù sí èyí tó ga jù. Nígbà tí ìwọ̀n tó kéré jù kò bá pa ẹnì kankan, tí èyí tó ga jù sì pa gbogbo wọn, ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní ti Spearman àti Kärber ló rọrùn jù, fóònù yín sì lè ṣe é.

Ẹ tẹ "log" fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan: 1.000, 1.301, 1.602, 1.903, 2.204. Ẹ wá àárín gbùngbùn méjì méjì tó tẹ̀ léra wọn: 1.1505, 1.4515, 1.7525, 2.0535. Ẹ wo iye òkú tó lé láàárín méjì méjì náà, kí ẹ fi 10 pín in: 0.2, 0.3, 0.4, 0.1. Ẹ wá sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀:

0.2 × 1.1505 = 0.230
0.3 × 1.4515 = 0.435
0.4 × 1.7525 = 0.701
0.1 × 2.0535 = 0.205
Àpapọ̀: 1.571

Ẹ gbé 10 sókè pẹ̀lú 1.571 (ẹ tẹ 10^1.571 lórí fóònù), ẹ ó rí nǹkan bí 37. Mílígíráàmù ọṣẹ 37 nínú lítà omi kan. Ọṣẹ odindi ni o, kì í ṣe LAS nìkan. Ẹ má fi iye yín wé ti ẹni tó lo LAS pọ́ńbélé, kí ẹ wá sọ pé ọṣẹ tiyín tutù.

Kí ni 37 ń sọ? Nínú ètò GHS tí ayé fi ń pín kẹ́míkà sí ìsọ̀rí, ohun tó wà láàárín 10 àti 100 wà ní ìpele kẹta nínú èyí tó ń tètè pa ohun inú omi. Ìyẹn lè dà bí ohun tí kò le. Ẹ wá gbé e lọ sí ìdí ìfọṣọ. Ẹni tó bu gíráàmù ọṣẹ 50 sínú lítà omi 20 ti ní mílígíráàmù 2,500 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Kí omi tó dà sí odò yẹn tó lè wálẹ̀ dé 37, ó gbọ́dọ̀ di nǹkan bí lítà 1,350. Báfù kan ṣoṣo. Ní 37 yẹn náà, ìdajì ẹja ṣì ń kú.

Ní Yúróòpù, bó bá jẹ́ pé èsì ọlọ́jọ́ kúkúrú nìkan ló wà, láti ara ewédò, kòkòrò omi àti ẹja, èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa ń fi 1,000 pín kí wọ́n tó gbà pé omi lè gba irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 1,000 pín 37, kí ẹ wo ohun tó kù.

Bí ẹ ò bá fẹ́ pa ẹja

Àlùbọ́sà kéékèèké 5 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ bó èèpo gbígbẹ rẹ̀, ẹ fá gbòǹgbò àtijọ́ kúrò láì gé ibi tí tuntun ti ń yọ, kí ẹ gbé e lé ẹnu ife kékeré kí ìdí rẹ̀ kan omi ọṣẹ. Ẹ gbé wọn síbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ fi rúlà wọn gbòǹgbò. Ìwọ̀n tí gbòǹgbò ti jẹ́ ìdajì ti inú omi lásán ni ẹ ń wá. Àlùbọ́sà kì í gbé inú odò, ṣùgbọ́n ó ń fi oró hàn, kò sì sí ẹni tó máa bi yín pé kí ló dé tí ẹ pa á.

Daphnia, kòkòrò omi tín-ńtín tí ẹja ń jẹ, tún dára ju ìyẹn lọ bí ẹ bá ní ẹni tó ń sìn ín. Èyí tí kò tíì pé ọjọ́ kan láyé ni wọ́n ń lò, 20 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, wákàtí 48. Èyí tí kò bá lúwẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 15 lẹ́yìn tí ẹ mi ife jẹ́jẹ́ ni ẹ ó kà.

Lẹ́yìn wákàtí 96

Ẹja tó yè kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe títà. Ẹ má sì jù ú sódò. Òróró kanáfùrù nínú omi máa ń mú kí wọ́n sùn lọ láì jìjàkadì. Bó bá pọ̀ tó, tí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́, wọn ò ní í jí mọ́. Ẹ sin òkú wọn síbi tí ajá kò ti ní í hú u. Omi ọṣẹ, ẹ da omi púpọ̀ lù ú, ẹ jẹ́ kó wà ní gbangba fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ dà á sórí ilẹ̀ tó jìnnà sí kànga. Kò ní bójú mu kí ẹ da tiyín sí gọ́tà tó ń lọ sódò lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí.

Báfù náà, ẹ fi máàkà kọ ọ́ sí i lára pé ti ẹja ni. Mo kọ tèmi gàdàgbà, síbẹ̀ mo ti bá àbúrò mi rí tó fi ọ̀kan rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.